Fẹ̀sọ̀ Tẹ̀ Ẹ́: Ìtàn Bí Ọkọ̀ Ṣe Kọ́ Ìrìn Lórí Yìnyín

Nílẹ̀ Yorùbá, tí a bá ní yìnyín, èyí tó máa ń bá òjò ńlá wálẹ̀, tó ń lu páànù gbàgbàgbà, táwọn ọmọdé ń ṣà jẹ, ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Òkúta ni tiwa. Èyí tó ń jábọ́ ní Kánádà, Rọ́ṣíà tàbí Íslándì yàtọ̀ pátápátá. Bí ẹ̀gbọ̀n òwú ló ṣe ń wálẹ̀, jẹ́jẹ́, láìpariwo, títí yóò fi bo ọ̀nà, tí yóò bo ilé, tí yóò bo mọ́tò mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé lọ́hùn-ún ń pè é ní sínóò. Yìnyín náà ni mo máa pè é níbí.

Ohun tó jọ òwú yìí ti dá ọkọ̀ tó wọn tọ́ọ̀nù 34 dúró gbagidi. Ó ti sọ mọ́tò olówó gọbọi di àpótí. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni ọmọ aráyé fi wá bí ọkọ̀ ṣe máa rí ilẹ̀ dì mú nínú yìnyín jíjìn. Owó ńlá bá a lọ, ẹ̀mí náà bá a lọ. Ẹ wá wo ìdáhùn tó gbéṣẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀: kò ju ohun tí fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kí ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà dànù ni.

Báwo ni wọ́n ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀? Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tó ń ri ọkọ̀ mọ́lẹ̀

Ẹ ronú nípa òde ìnáwó kan lórí pápá koríko, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìyá tó wọ bàtà gogoro ń rì ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ìyá tó wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ ń kọjá lọ ní tiẹ̀, bó tilẹ̀ sanra jù ú lọ. Ìwọ̀n ara nìkan kọ́ ló ń rini mọ́lẹ̀. Bí ìwọ̀n náà bá kóra jọ sójú kan, ilẹ̀ á lu. Bó bá tàn ká, ilẹ̀ á gbé e.

Torí náà, ọ̀nà méjì ni ọkọ̀ lè gbà bá yìnyín lò. Èkíní, kó ní eyín tó máa fi bù ú jẹ, kó lè rí nǹkan dì mú. Èkejì, kó fẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó má bàa rì rárá. Eyín dára fún yìnyín tí kò jìn, èyí tó wà lórí ọ̀nà ọ̀dà. Bí yìnyín bá ti dé orúnkún tàbí ìbàdí, tí kò sí ilẹ̀ líle nítòsí, ẹsẹ̀ fífẹ̀ nìkan ló kù.

Ohun tí kò ṣiṣẹ́ rárá ni ohun tí dẹ́rẹ́bà tó ń kánjú máa ń kọ́kọ́ ṣe: kó tẹná mọ́lẹ̀. Táyà á máa yí gbirigbiri, ooru rẹ̀ á yọ́ yìnyín abẹ́ rẹ̀, omi náà á tún dì, á sì máa dán bíi dígí. Bí táyà ṣe ń yí ló ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀, títí ikùn ọkọ̀ á fi jókòó sórí yìnyín. Ó parí nìyẹn. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa yí títí di ọ̀la, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan.

Àwọn tó wá eyín

Ọ̀nà eyín ló kọ́kọ́ yé àwọn èèyàn. Ní 1904, Harry Weed, ará ìpínlẹ̀ New York, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí ṣéènì irin tí wọ́n ń wé mọ́ táyà. Àwọn awakọ̀ ti máa ń wé okùn mọ́ táyà wọn kó tó di pé ó ṣe é. Ó fi irin rọ́pò okùn ni. Títí dòní, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba orí òkè nígbà òtútù ṣì ń gbé ṣéènì dání.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1934, ilé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Fínlándì ṣe táyà àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún ìgbà yìnyín. Kelirengas ni wọ́n pè é, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n sì ṣe é fún. Ìlú tí ilé iṣẹ́ náà wà ń jẹ́ Nokia. Bẹ́ẹ̀ ni, Nokia yẹn náà ni. Ìlú yìí ni fóònù táwọn ẹ̀gbọ́n wa kọ́kọ́ lò ti gba orúkọ, ilé iṣẹ́ rọ́bà náà sì wà lára àwọn tó para pọ̀ di ilé iṣẹ́ Nokia ńlá ní 1967.

Táyà yìí ní àwọn ìlà jíjìn tó fi ìbú dá ojú rẹ̀. Bó ṣe ń yí, yìnyín á há sínú ìlà náà, èyí tó há sínú táyà á sì lẹ̀ mọ́ èyí tó wà nílẹ̀, torí yìnyín máa ń mọ́ra wọn bí ìgbà tí ọmọdé bá fi ọwọ́ mọ ọ́n ní bọ́ọ̀lù. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà bá wà ló ti wúlò. Níbi tí kò sí ọ̀nà rárá ńkọ́?

Mọ́tò lọ sí ìsàlẹ̀ ayé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1908, ọkọ̀ ojú omi Nimrod gúnlẹ̀ sí Àńtátíkà, ilẹ̀ ńlá tí yìnyín bò ní ìsàlẹ̀ ayé. Ernest Shackleton ni olórí ìrìn àjò náà, ó sì gbé mọ́tò kan dání, Arrol-Johnston tí wọ́n ṣe ní Skọ́tlándì. Mọ́tò kankan ò dé ilẹ̀ yẹn rí. Bernard Day ni mẹkáníìkì àti dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Lórí omi òkun tó ti dì, tó le bíi kọnkéré, mọ́tò náà ṣe bẹbẹ, ó wọ́ ẹrù, ó sáré. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan yìnyín rírọ̀, táyà tín-ín-rín rẹ̀ wọlẹ̀. Àwọn ẹṣin kékeré àti ẹsẹ̀ ara wọn ni Shackleton àti ọkùnrin mẹ́ta gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹṣin náà ń rì, torí pátákò ẹṣin ò fẹ̀. Ní oṣù kìíní 1909, nígbà tó ku nǹkan bí kìlómítà 180 kí wọ́n dé Ìpẹ̀kun Gúúsù Ayé, oúnjẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n sì yí padà.

Robert Scott ò gbé táyà lọ ní tiẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta tó gbé lọ ní 1910 ní bẹ́líìtì gbọọrọ lábẹ́ wọn, irú ẹsẹ̀ tá a máa ń rí lábẹ́ katapílà tó ń la ọ̀nà. Nǹkan bí £1,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ná wọn. Ẹnjiníà tó mọ ọkọ̀ wọ̀nyí jù, Reginald Skelton, ò bá wọn lọ, torí igbákejì Scott ò fẹ́ ẹni tí ipò rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun ojú omi ga ju tirẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní 1911, bí wọ́n ṣe ń já ẹrù, omi dídì lu lábẹ́ ọ̀kan nínú ọkọ̀ náà, ó sì wọ inú òkun lọ. Méjì tó kù gbéra ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí méjèèjì fi kú sójú ọ̀nà.

Ẹ wò ó dáadáa o. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kọ́ ló já wọn kulẹ̀. Bẹ́líìtì náà di yìnyín mú. Ẹ́ńjìnì ló gbóná kọjá àlà, níbi tí gbogbo nǹkan mìíràn ti ń dì. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó wà nídìí wọn ní láti fi ara wọn fa ẹrù. Scott àti àwọn mẹ́rin mìíràn dé Ìpẹ̀kun Gúúsù Ayé ní oṣù kìíní 1912, wọ́n sì rí i pé Amundsen ará Nọ́wè ti ṣáájú wọn débẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kan. Ajá àti pákó ẹsẹ̀ gígùn tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín ni Amundsen lò: ajá fúyẹ́, pákó gùn, kò sí èyí tó rì. Scott àti àwọn mẹ́rin náà ò padà wálé. Mi ò sọ pé mọ́tò ló pa wọ́n, torí òtútù, ebi àti àárẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn náà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ ló padà sílé.

Yìnyín ò mọ ọba

Láwọn ọdún kan náà, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Adolphe Kégresse ló ń tọ́jú àwọn mọ́tò Nicholas II, ọba Rọ́ṣíà. Ọba fẹ́ràn mọ́tò, ṣùgbọ́n yìnyín ò mọ ọba. Kégresse yọ táyà ẹ̀yìn kúrò, ó fi bẹ́líìtì rọ́bà rọ́pò rẹ̀, ó sì so pákó pẹlẹbẹ mọ́ iwájú. Mọ́tò ọba bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ní 1917, ìjọba ọba dojú dé, Kégresse sì padà sílé. Àwọn tó gbàjọba ò kọ ẹsẹ̀ tó fi sílẹ̀ o. Lenin fúnra rẹ̀ gun Rolls-Royce tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì wà ní mùsíọ́mù kan lẹ́bàá Moscow títí dòní. Ní Faransé, ilé iṣẹ́ Citroën gba Kégresse, bẹ́líìtì rọ́bà rẹ̀ ló sì wà lábẹ́ àwọn mọ́tò tó kọ́kọ́ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Timbuktu, láti òpin 1922 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1923. Ohun tí wọ́n ṣe fún yìnyín ṣiṣẹ́ lórí yanrìn, torí ìwà kan náà ni méjèèjì ń hù sí ẹni tó bá wúwo.

Ọmọ ọdún méjì kan ní Quebec

Bó ti wù kó rí, ìrìn àjò àwọn akíkanjú àti ìgbádùn ọba ni gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀. Ti Joseph-Armand Bombardier yàtọ̀.

Wọ́n bí i ní 1907, ní Valcourt, ní Quebec lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó fi ẹ́ńjìnì Ford àtijọ́ ṣe ọkọ̀ tó ń sáré lórí yìnyín, abẹ̀bẹ̀ onígi bíi ti ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń tì í láti ẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ wo abẹ̀bẹ̀ tó ń yí fìrìfìrì láìsí ohun tó bò ó, ó ní kó yára tú u palẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà abúlé Quebec máa ń tì pa ni. Mọ́tò ò ní ṣeé gbé jáde fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹṣin nìkan ló kù, ẹṣin ò sì yára. Ní ìgbà òtútù 1934, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Yvon, ọmọkùnrin Bombardier, ọmọ ọdún méjì. Apẹ́ńdíìsì ni. Iṣẹ́ abẹ kíákíá ló lè gbà á là, ilé ìwòsàn sì jìnnà. Bàbá rẹ̀ ní gáréèjì tirẹ̀, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ yìnyín láti ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó ṣeé gbọ́kàn lé láti gbé ọmọ náà. Ọmọ náà kú.

Bombardier padà sídìí iṣẹ́. Ní 1937, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí wíìlì eléyín tí wọ́n fi rọ́bà bò, tó ń yí bẹ́líìtì rọ́bà gbọọrọ. Ọkọ̀ B7, tó ń gbé èèyàn méje, jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni B12, ní 1942. Dókítà rà á. Àlùfáà rà á. Àwọn tó ń pín lẹ́tà rà á. Wọ́n fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé, wọ́n fi gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí ìjọba Quebec pàṣẹ ní 1948 pé kí wọ́n máa ko yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, ọjà rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun mìíràn ṣe. Ní 1959 ló gbé Ski-Doo jáde, ọkọ̀ yìnyín kékeré tí èèyàn ń gùn bí ọ̀kadà. Ó kú ní 1964.

Ọkọ̀ ńlá tó ń fi ẹ̀yìn rìn

Ẹ máa rò pé lẹ́yìn Bombardier, ọ̀rọ̀ ti yé gbogbo èèyàn. Rárá o.

Ní 1939, ní Chicago, ìlú tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé lónìí, ẹnjiníà Thomas Poulter àti àwọn èèyàn rẹ̀ kọ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Snow Cruiser. Ó gùn tó mítà 17. Táyà kan ṣoṣo nínú mẹ́rin rẹ̀ ga tó mítà mẹ́ta. Ibi ìdáná wà nínú rẹ̀, ibùsùn wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú kékeré sì máa jókòó sórí rẹ̀. Nǹkan bí $150,000 ni wọ́n ná lé e. Nígbà tí wọ́n ń wà á lọ sí Boston, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti máa gbé e, àwọn èèyàn tú síta láti wò ó. Ní Ohio, ó yà kúrò lórí afárá kékeré kan, ó kó sínú odò. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀.

Ó dé Àńtátíkà ní oṣù kìíní 1940. Táyà ńlá náà ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, kò ní ìlà kankan lójú. Ọkọ̀ náà wúwo tó tọ́ọ̀nù 34, orí táyà mẹ́rin péré sì ni gbogbo rẹ̀ gbé ara lé. Kò ní eyín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì fẹ̀ tó ìwọ̀n rẹ̀. Bó ṣe bọ́ sórí yìnyín báyìí ló rì, táyà wọlẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan, ó ń yí lójú kan. Wọ́n so táyà méjì tó wà ní ìpamọ́ mọ́ ti iwájú kó lè fẹ̀, wọ́n wé ṣéènì mọ́ ti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàkíyèsí pé ó ń rìn dáadáa díẹ̀ tó bá ń fi ẹ̀yìn rìn. Bí ìrìn rẹ̀ tó jìn jù lọ ṣe jẹ́ nìyẹn: kìlómítà 148, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di ilé ìgbé, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ nígbà tó yá. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó wà lónìí.

Katakata dé Ìpẹ̀kun Gúúsù Ayé

Ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn náà, Edmund Hillary ará New Zealand, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kọ́kọ́ dé góńgó òkè Everest, kó àwọn katakata oko lọ sí ilẹ̀ yẹn kan náà. Ferguson TE20 ni, irú èyí táwọn àgbẹ̀ fi ń túlẹ̀. Agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Snow Cruiser. Wọ́n kàn gbé bẹ́líìtì wọ táyà rẹ̀ ni, láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ìwọ̀n rẹ̀ lè tàn ká. Wọ́n fi okùn so katakata mọ́ra wọn, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá fẹ́ jìn sínú kòtò abẹ́ yìnyín, àwọn yòókù á fà á dúró.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó lọ to epo àti oúnjẹ sójú ọ̀nà de Vivian Fuchs, tó ń bọ̀ láti òdìkejì. Hillary to ẹrù náà tán, ó sì ń lọ síwájú. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní 1958, òun àti ọkùnrin mẹ́rin, pẹ̀lú katakata mẹ́ta, gúnlẹ̀ sí Ìpẹ̀kun Gúúsù Ayé. Àtìgbà ayé Amundsen àti Scott, ẹnikẹ́ni ò tíì gba orí ilẹ̀ débẹ̀ mọ́, mọ́tò kankan ò sì débẹ̀ rí. Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí ẹ bá gbé katakata oko yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Chicago yẹn, ẹ ti rí ìtumọ̀ òwe náà.

Géèjì méjì

Bẹ́líìtì dára, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn á gbé sórí ọ̀dà lọ ra búrẹ́dì. Àwọn ará Íslándì fẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo tó lè kúrò nílé, kó gba ọ̀nà ọ̀dà, kó sì gun orí yìnyín ńlá tó bo àwọn òkè wọn. Láwọn ọdún 1980, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé táyà ńlá wọ jíìpù, íǹṣì 38, íǹṣì 44. Èyí tó jẹ́ 44 ga ju mítà kan lọ.

Ṣùgbọ́n títóbi táyà nìkan kọ́ ni àṣírí ibẹ̀. Chicago ti fi ìyẹn hàn wá. Mọ́tò kékeré tiwa sábà máa ń gba nǹkan bí 30 sí 35 lórí géèjì fọkanáísà. Bí àwọn awakọ̀ Íslándì bá dé ẹsẹ̀ yìnyín, wọ́n á tú afẹ́fẹ́ náà títí géèjì á fi já sí 3, tàbí 2. Táyà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tó kan ilẹ̀ á gùn síwájú sẹ́yìn, bíi ti bẹ́líìtì. Ó di katapílà tó ṣì lè sáré. Ewu ibẹ̀ ni pé táyà tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè bọ́ kúrò lára rímù. Torí náà wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ tó ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ dání nínú ọkọ̀.

Nínú ọkọ̀ báyìí ni àwọn adóòlà ẹ̀mí Íslándì ń gbé lọ wá ẹni tó sọnù lórí òkè lóru nínú ìjì yìnyín. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é; olùkọ́ wà nínú wọn, káfíńtà wà nínú wọn. Lórí irú táyà yìí náà ni Hilux, ọkọ̀ tá a mọ̀ bí ẹni mowó ní Nàìjíríà, ti dé Ìpẹ̀kun Gúúsù Ayé.

Bí àwọn awakọ̀ yẹn ṣe ń wakọ̀ bá táyà wọn mu. Gíà kejì ni wọ́n sábà fi ń gbéra, kí agbára má bàa dé bá táyà lójijì. Bí táyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, wọ́n á fi ẹ̀yìn rìn padà nínú ipa táyà ara wọn, wọ́n á sì tún sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́. Bí kò bá lọ, wọ́n á tún tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i.

Ní oṣù kejìlá 2016, Patrick Bergel wa Hyundai Santa Fe la Àńtátíkà kọjá, ó sì padà. Nǹkan bíi kìlómítà 5,800 ni, ọgbọ̀n ọjọ́ ló gbà. Mọ́tò tí ìdílé fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé ni Santa Fe. Táyà ńlá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré ni olórí ohun tí àwọn ará Íslándì tó tún un ṣe fi kún un. Shackleton tó gbé mọ́tò onítáyà tín-ín-rín wá ní 1908 ni bàbá bàbá-ńlá Bergel yìí.

Ohun kan kù tí àwọn awakọ̀ yẹn kì í gbàgbé. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí yìnyín, tí wọ́n rí ọ̀dà, wọ́n á dúró, wọ́n á fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní afẹ́fẹ́ padà, bó ti wù kó rẹ̀ wọ́n tó, bó ti wù kí ilé sún mọ́ tó. Táyà tó wà ní géèjì 2 máa ń gbóná kíákíá lórí ọ̀dà, ó sì máa ń bẹ́. Lẹ́yìn tí géèjì bá pé ni wọ́n tó ń lọ sílé.